Ọ̀pá Lésà Mẹ́ta, Awò Ojú Méjì

Ọdún tí mo parí yunifásítì, kò sí iṣẹ́ nílùú. Àwọn ológun ló ń ṣèjọba, SAP, ètò ọrọ̀ ajé tó mú kí gbogbo nǹkan wọ́n, ti wọlé dé, àwọn ilé iṣẹ́ tó wà láti Ìkẹjà títí dé Agége sì ń dá òṣìṣẹ́ dúró lọ́tùn-ún lósì. Físíìsì ni mo kà. Ìyá mi bi mí títí pé kí ni wọ́n ń fi físíìsì ṣe gan-an, n kò sì rí èsì kan tó tẹ́ wọn lọ́rùn.

Olùkọ́ mi àtijọ́ kan ló gbà mí síṣẹ́. Ará Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn wọn kì í sì í ròkè kódà bí inú bá ń bí wọn. Ọ̀gá là ń pè wọ́n. Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n gba yàrá ńlá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ ní Ìkẹjà. Ibẹ̀ la ti ń tún ẹ̀rọ àwọn sọ̀féyọ̀ ṣe, àwọn awò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀. Iṣẹ́ yẹn là ń jẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí rẹ̀ ni Ọ̀gá ṣe gba yàrá náà.

Ẹnì kẹta wa ni Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, Mùsùlùmí tí kì í fi ìrun ṣeré. Iṣẹ́ irin ni wọ́n ń ṣe ní ilé iṣẹ́ ńlá kan kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa. Kò sí irin tí Ẹ̀gbọ́n kò lè gbẹ́ lórí léèdì, ẹ̀rọ tó ń yí irin tí a bá fẹ́ gbẹ́. Bí Ọ̀gá bá ya nǹkan sórí ìwé ní àárọ̀, kí a tó kírun ọ̀sán, Ẹ̀gbọ́n á ti gbé e wá, yóò ṣì máa gbóná.

Ẹ̀rọ kan ni Ọ̀gá fẹ́ ṣe. Yóò dúró lójú fèrèsé wa, yóò ju ìmọ́lẹ̀ lésà sínú èéfín tó ń jáde lórí ilé iṣẹ́ tó jìnnà. Ìmọ́lẹ̀ náà yóò kọlu eruku inú èéfín, díẹ̀ nínú rẹ̀ yóò sì padà wá bá wa. Bó bá ṣe pẹ́ tó kó tó padà, a ó fi mọ bí èéfín náà ṣe jìnnà tó. Bí èyí tó padà bá ṣe pọ̀ tó, a ó fi mọ bí eruku inú rẹ̀ ṣe ki tó. Kò sẹ́ni tó máa gun òrùlé ilé iṣẹ́ kankan, kò sì sẹ́ni tó máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì.

Gbogbo rẹ̀ dá lórí ọ̀pá kan tí kò ju pẹ́ńsù ìkọ̀wé lọ. Mẹ́ta ni Ọ̀gá mú bọ̀ láti òkè òkun nígbà tí ọ̀nà ṣì là. Wọ́n fi òwú wé wọn sínú agolo mílíìkì, wọ́n sì ń tọ́jú agolo náà bí ẹni tọ́jú ẹyin.

Àkọ́kọ́ ni rúbì, tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí omi ìṣápá tí a bomi là. Èkejì jẹ́ gíláàsì tí wọ́n po èròjà kan mọ́. Ẹ̀kẹta ni èyí tí Ọ̀gá ń pè ní yáàgì, kírísítà tí wọ́n rọra mú dàgbà nínú iná fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Àwọ̀ rẹ̀ jọ elésè àlùkò tó ti ṣá. Èròjà tó wà nínú gíláàsì náà ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ara tí èròjà náà wọ̀ yàtọ̀. Ọ̀gá máa ń sọ pé ẹ̀mí kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, ara ló ju ara lọ.

Oṣù mẹ́fà la fi dán wọn wò. A ó fi ọ̀pá kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ gílóòbù gígùn kan tó ń kọ mànà, ọ̀pá náà yóò mu ìmọ́lẹ̀ gílóòbù bí ilẹ̀ gbígbẹ ṣe ń mu omi, yóò sì tu ú jáde lẹ́nu ní ìlà kan ṣoṣo. Rúbì lágbára, àmọ́ ọ̀lẹ ni. Ó máa ń jẹ iná púpọ̀, bó bá sì yìn lẹ́ẹ̀kan, a ó dúró kó tutù kí a tó tún pè é síṣẹ́. Gíláàsì yá ju rúbì lọ, ṣùgbọ́n ooru kì í tètè jáde lára rẹ̀. Ọjọ́ kan tí a lò ó lálòjù, a gbọ́ ìró kékeré kan bí ìgbà tí ẹyin bá sán. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n yọ ọ́, ó ti là láti orí dé ìdí. Ọ̀gá gbé e sójú fèrèsé, wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n wá fi í pamọ́ sínú agolo padà bí ẹni tó sìnkú.

Yáàgì nìkan ló ṣe bí a ṣe fẹ́. Ó lè yìn lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kí èèyàn tó ṣẹ́jú dáadáa, kò sì ní mí hẹlẹ. Omi la fi ń tù ú lára. Àléébù kan tó ní ni pé bí oòrùn ọ̀sán bá mú omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, agbára rẹ̀ á lọ sílẹ̀, ìlà ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sì yẹ̀ kúrò lójú ibi tí a tò ó sí. Nígbà náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró tì í kó máa yí ìdè dígí tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi padà sójú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń ṣe é, nítorí ọwọ́ wọn fúyẹ́.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ tan yáàgì, Ọ̀gá fi bébà dúdú kan sí ìpẹ̀kun yàrá. Wọ́n tẹ bọ́tìnnì. N kò rí nǹkan kan tó kọjá, ṣùgbọ́n èéfín tínrín kan rú lára bébà náà, ihò sì wà níbẹ̀. Ọ̀gá yíjú sí wa.

“Rúbì máa ń kìlọ̀ fúnni, pupa rẹ̀ hàn,” ni wọ́n wí. “Eléyìí kì í kìlọ̀. Èyí tó dára jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ojú kò rí. Ẹni tí kò bá wọ awò, kó jáde.”

Awò méjì la ní, awò aláwọ̀ ewé tó nípọn. Ẹ̀kẹta ti fọ́, kò sì sẹ́ni tó lè bá wa rà á láti òkè òkun nígbà tí náírà kò níye lórí mọ́. Nítorí náà, nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, èèyàn méjì ló ń wà nínú yàrá, ẹnì kẹta á dúró lórí àtẹ̀gùn. Èmi ló sábà máa ń jẹ́ ẹnì kẹta. Ìró ẹ̀rọ náà ń dé etí mi láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tá, tá, tá, ara mi kì í sì í balẹ̀. N kò lè sọ ìdí rẹ̀ nígbà náà.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, a bẹ̀rẹ̀ sí í wo èéfín. Ìdájí la máa ń bẹ̀rẹ̀, kí oòrùn tó mú. A rí ti ilé iṣẹ́ aṣọ, a rí ti ilé iṣẹ́ bísíkíìtì, wọ́n ń lọ sókè, wọ́n sì ń tú ká. Ṣùgbọ́n ilé kan wà níwájú, tí kò ní pátákó orúkọ lẹ́nu géètì. Ohun tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni pé wọ́n ń yọ́ òjé inú bátìrì ọkọ̀ níbẹ̀. Ní ọ̀sán, èéfín kékeré ló ń jáde níbẹ̀. Ní ìdájí, nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kú, nǹkan mìíràn ló ń jáde. Kì í lọ sókè. Ẹ̀rọ wa fi hàn pé ńṣe ló ń tẹ́ pẹrẹsẹ, tó ń lọ jẹ́jẹ́ sí apá Agége, tó sì ń sùn lé òrùlé àwọn èèyàn lórí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́ pátápátá. Bí èèyàn bá fi ojú lásán wò ó, kùrukùru ọyẹ́ ni yóò pè é.

A ya ìlà náà sórí àwòrán àdúgbò. Ẹ̀gbọ́n fi ìka tẹ ibì kan.

“Ilé mi nìyí,” ni wọ́n wí.

Ọmọ wọn tó kéré jù ti ń ṣàìsàn láti ọjọ́ pípẹ́, inú ń run ún, kì í sì í jẹun dáadáa, irú ohun tí májèlé òjé máa ń ṣe fún ọmọdé. Ọ̀gá ní kí a má tíì so àìsàn náà pọ̀ mọ́ èéfín náà, pé ẹ̀rọ wa lè wọn eruku, kò lè sọ irú eruku tó jẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, Ẹ̀gbọ́n ń dé kí n tó dé láràárọ̀, wọn á ti máa dúró lójú fèrèsé.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Ọ̀gá fi rò ó bóyá kí a kọ lẹ́tà nípa èéfín náà sí ìjọba. Wọ́n ti gbé ayé pẹ́, wọ́n mọ ohun tí lẹ́tà lè fà lásìkò àwọn ológun. Ẹ̀gbọ́n ló bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ ọ́. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ lórí tapúráítà wa tí lẹ́tà “e” rẹ̀ máa ń fò sókè díẹ̀. A fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba kan. A kò gbọ́ èsì.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan, ọkọ̀ Pijó funfun kan wá dúró ní òdìkejì géètì wa. Ọkùnrin méjì ló jókòó sínú rẹ̀, wọn kò sọ̀kalẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó tún wà níbẹ̀, ọjọ́ kẹta bákan náà. Ọjọ́ kẹrin, a kò rí i mọ́, ọkùnrin kan sì gun òkè wá, ó béèrè bóyá a ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe. Kò gbé tẹlifíṣọ̀n kankan dání. Nígbà tó ń béèrè, ojú rẹ̀ ń lọ sí ojú fèrèsé. Lọ́sẹ̀ yẹn náà ni onílé wá bi Ọ̀gá, pẹ̀lú ẹ̀rín, pé ìgbà wo ni wọ́n rò pé àwọn máa kó jáde. Bàbá tó ń ṣọ́ géètì wa, tó máa ń bá mi tàkúrọ̀sọ, kò wo ojú mi mọ́ bí mo bá ń wọlé.

Mo sọ fún Ọ̀gá pé kí a tú ẹ̀rọ náà, kí a kó o pamọ́. Wọ́n ní ẹni tí kò jalè kì í kó ẹrù pamọ́. Ẹ̀gbọ́n gbà pẹ̀lú wọn. N kò tún sọ ọ́ mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni wọ́n dé. Ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí bọ̀, fìlà wọn ṣì wà lórí. Sójà mẹ́rin ló gòkè wá, ọ̀gágun kan ló ṣáájú wọn, ọmọ Yorùbá, ọ̀dọ́ tó mọ́ tónítóní. Bó ṣe wọlé, ó ṣí fìlà, ó tẹ̀ kí Ọ̀gá dáadáa.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Bàbá tèmi náà, olùkọ́ ni wọ́n.”

Ẹ̀kọ́ ilé yẹn dẹ́rù bà mí ju ìbọn lọ. Sójà kan ti ilẹ̀kùn, ó sì fẹ̀yìn tì í.

Ọ̀gágun náà yí ẹ̀rọ ká, kò fọwọ́ kàn án. Ó bi Ọ̀gá bóyá ó lè já ọkọ̀ òfuurufú lulẹ̀, torí pápá ọkọ̀ òfuurufú kò jìnnà síbẹ̀. Ọ̀gá dáhùn pé bó bá dé òdìkejì títì, kò lè pa eṣinṣin mọ́.

“Kí ló wá lè ṣe, sà?”

“Ó lè ríran.”

“Kí lẹ fẹ́ kó rí?”

Ọ̀gágun náà fa bébà kan yọ nínú àpò rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì. Mo rí lẹ́tà “e” tó fò sókè láti ibi tí mo dúró sí. Lẹ́tà wa ni.

Ó ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà kí òun rí i. Ọ̀gá ní oòrùn ti mú, omi ti gbóná, ẹ̀rọ náà kò ní ṣe dáadáa, pé kí wọ́n padà wá ní àárọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò ní padà wá. Ọ̀gá wá ṣàlàyé fún un, pẹ̀lú sùúrù tí wọ́n fi ń kọ́ wa ní kíláàsì, pé ìmọ́lẹ̀ náà kò ṣeé rí, pé ó ń fọ́ ojú, pé awò méjì ló wà, kí gbogbo àwọn yòókù jáde. Ọ̀gágun náà ní ẹnikẹ́ni kò ní jáde. Ó na ọwọ́, ó mú awò kan, ó wọ̀ ọ́.

Ó ku ẹyọ kan. Ọ̀gá ní kí àwọn sójà kọjú sí ògiri, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí ọ̀gágun wọn fi orí ṣe àmì pé kí wọ́n ṣe é. Ọ̀gá fúnra wọn yóò kẹ̀yìn sí i, torí ẹ̀gbẹ́ ògiri ni bọ́tìnnì wà. Èmi ni kí n máa wo ojú ẹ̀rọ tó ń ka agbára rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n sì gbọ́dọ̀ dúró ti dígí. Mo mú awò náà, mo nà án sí Ẹ̀gbọ́n.

“Wọ̀ ọ́, àbúrò,” ni wọ́n wí. “Mo mọ ibi tó ń gbà.”

Òótọ́ ni, wọ́n mọ̀ ọ́n. Àwọn ni wọ́n gbẹ́ gbogbo irin tó dì í mú. Ṣùgbọ́n n kò bá wọn jiyàn. N kò nà án sí wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mo wọ̀ ọ́, gbogbo yàrá sì di aláwọ̀ ewé, bí ẹni pé a wà lábẹ́ omi.

Ní ìpẹ̀kun yàrá, dípò bébà dúdú, ọ̀gágun náà ní kí wọ́n gbé tírè irin tí a fi ń gbé kọ́ọ̀bù síbẹ̀. Ó ní òun fẹ́ rí irin tó jó, bébà kò já mọ́ nǹkan kan. Ọ̀gá tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀, tá, tá, tá. Agbára rẹ̀ kéré. Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ síwájú, wọ́n ń yí ìdè dígí, mo sì ń pe nǹkan tí mo ń rí fún wọn. Ó ń gòkè bọ̀. Ọ̀gágun náà rìn lọ sí ìpẹ̀kun yàrá, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kò rí ihò kankan. Kí n tó lanu, ó ti gbé tírè náà lọ́wọ́, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, irin dídán náà sì ju ìmọ́lẹ̀ náà padà sọ́dọ̀ wa.

Ẹ̀gbọ́n kò pariwo. Wọ́n kàn dáwọ́ dúró, wọ́n fi ọwọ́ kan ojú ọ̀tún wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ fún mi pé àwọn gbọ́ nǹkan kan tó bú nínú orí àwọn bí hóró àgbàdo nínú ìkòkò. Nígbà yẹn, ohun tí wọ́n béèrè ni pé, “Ta ló da nǹkan pupa síbí?”

Ọ̀gá pa ẹ̀rọ. Wọ́n rìn lọ bá Ẹ̀gbọ́n, wọ́n mú wọn jókòó sórí àpótí, wọ́n sì fi aṣọ ìnujú bo ojú wọn. Ọ̀gágun náà bọ́ awò, ó gbé e sórí tábìlì jẹ́jẹ́. Ó ní, “Ẹ̀yin náà rí i pé ohun ìjà ni.”

Wọ́n kó ẹ̀rọ náà lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tòun ti agolo mílíìkì. Wọ́n mú Ọ̀gá lọ pẹ̀lú. Èmi ni mo fa Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́ lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà ojú sọ pé ẹ̀jẹ̀ tó dà sínú ẹyin ojú náà yóò gbẹ, ṣùgbọ́n ibi tó jó ní ẹ̀yìn rẹ̀, ibẹ̀ gan-an lojú fi ń ríran, kò sì ní sàn mọ́. Ó bi wá irú iṣẹ́ tí à ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n ní iṣẹ́ jórinjórin.

Nígbà tí mo mú wọn délé, ìyàwó wọn gbé omi fún mi mu. Wọ́n ń wo ojú mi méjèèjì tó dá ṣáká, mo sì mọ̀ pé wọ́n ń wò ó.

Ọ̀gá padà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọn kò sọ ibi tí wọ́n wà, wọn kò sì kọ ohunkóhun mọ́. Bí mo bá lọ kí wọn ní Ifakọ̀, a ó sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Kí ológun tó gbéjọba sílẹ̀ ni wọ́n kú, lójú oorun. Ní gbogbo àkókò yẹn, èéfín òjé ń jáde ní ìdájí. Ẹ̀gbọ́n kó ìdílé wọn kúrò níbẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn Ìjú. Ọmọ wọn ń sanra díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ṣòro fún un, kò sì sẹ́ni tó lè sọ bóyá òjé ló fà á tàbí bí Ọlọ́run ṣe dá a nìyẹn.

Èmi rí iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Otigba. Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá tí n kò dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń sọ pé iṣẹ́ ló dí mi. Irọ́ ni. Ọjọ́ tí mo wá lọ, mo bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù léèdì wọn ní Agége, wọ́n gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n ń fi ojú òsì wo irin. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, n kò sì dìde. Mo ní ó yẹ kí n ti fún wọn ní awò yẹn.

Wọ́n pa ẹ̀rọ léèdì. “O nà án sí mi, mo ní rárá,” ni wọ́n wí. “Kí lo fẹ́ kí n sọ báyìí? Bí mo bá ní mi ò kábàámọ̀, mo parọ́. Bí mo bá ní mò ń bínú sí ọ, mo parọ́. Dìde nílẹ̀, epo wà níbẹ̀.”

Wọ́n sìn mí jáde nírọ̀lẹ́. A gba ibi tí ilé ìyọ́ òjé wà tẹ́lẹ̀ kọjá. Àwọn tó ń yọ́ òjé ti kó lọ, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n kó lọ. Wọ́n ti gé ilẹ̀ náà sí púlọ́ọ̀tì, wọ́n ti tà á, àwọn bíríkìlà sì ń po sìmẹ́ǹtì lórí ilẹ̀ dúdú tí koríko kò hù. Ẹ̀gbọ́n yí gbogbo orí wọn padà kí wọ́n lè rí i. Wọ́n lọ bá obìnrin tó ni ọ̀kan nínú àwọn ilé náà, wọ́n sì sọ fún un nípa májèlé òjé tó wà nínú ilẹ̀ náà. Obìnrin náà fetí sílẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ní pásítọ̀ ti wá gbàdúrà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn bíríkìlà, ó ní kí wọ́n tètè ṣe, pé àwọn fẹ́ kó wọlé kí àwọn ọmọ tó padà sí iléèwé.